Aṣọ Ìbora Àránpọ̀: Ohun Tí A Lè Fi Ògbólógbòó Aṣọ Ṣe

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ péjọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìrọ̀lẹ́ òní, ọ̀rọ̀ tí a fún mi láti bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ àkísà ni. Mo rí i pé bí mo ti dárúkọ àkísà, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì bojú wo aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. N kò wá láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó wọ àkísà wá sí ilé ìsìn. Ohun tí mo wá ṣe àlàyé rẹ̀ ni bí a ṣe lè mú aṣọ tí ó ti gbó ní èjìká tàbí ní ìdí, ṣùgbọ́n tí ó ṣì lágbára ní ibòmíràn, kí a gé ibi tí ó dára nínú rẹ̀, kí a rán an pọ̀ mọ́ ti aṣọ mìíràn tí ó dàbí rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì di aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí ó nípọn, tí ó sì gbóná. Aṣọ ìbora àránpọ̀ ni èmi ń pè é.

Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀sí kò nílò kí àlejò kọ́ yín ní ohun tí òtútù ń jẹ́. Àárín òkè ni ìlú yín wà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí kùrukùru bá bo orí àwọn òkè títí oòrùn yóò fi gòkè dáadáa, àgbàlagbà a máa ká jọ sídìí ààrò, ọmọ kékeré a sì máa wúkọ́ lóru. Síbẹ̀, bí a bá fa àpótí tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde nínú ilé kan náà, a ó bá aṣọ níbẹ̀ tí ó tó bo ènìyàn mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ̀ mọ́: ìró tí ó ti ya, bùbá tí ó ti fún, aṣọ ẹbí ìsìnkú tí a ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn, ṣòkòtò kakí tí orúnkún rẹ̀ ti lu.

Èmi fúnra mi tí mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, n kì bá tí ronú kan iṣẹ́ yìí bí kò bá ṣe ti àpótí ìyá mi. Nígbà tí ìyá wa sùn nínú Olúwa, àwa ọmọ mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, a pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ó dàgbà jù nínú ìdílé wọn nígbà náà, pé kí ó wá bá wa pín ẹrù. A pín gbogbo ohun yòókù láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n ìró ẹtù kan wà níbẹ̀, èyí tí ìyá wa ró ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, olúkúlùkù wa ni ó sì fẹ́ ẹ. Ẹtù náà ti gbó láàárín, ó ti ya ní ibi méjì, kò sì sí ẹni tí ó lè ró o jáde mọ́. Síbẹ̀, òun gan-an ni a ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a gé e sí mẹ́rin, kí oníkálukú mú ìpín tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi obìnrin bú sẹ́kún. Ó ní bí ẹni gé ìyá wa ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, a sì tú ká ní alẹ́ ọjọ́ náà láìkí ara wa pé ó dàárọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ṣe sí ẹtù náà, n ó sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibi tí ó yẹ. Nítorí kò lè yé yín dáadáa àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ mọ díẹ̀ nípa bí a ṣe ń hun aṣọ àti bí a ṣe ń rán an pọ̀.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe òní ni aṣọ ti ń kún inú àpótí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kò ní ṣàìrántí àwọn òṣómàáló. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà a máa gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó, wọn a gbé e lọ sí ìletò tí ó jìnnà réré, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Ibi gbígba owó yìí ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé olówó a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, a sì ní orí òṣó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Baba ńlá mi ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí kò bá tà, àti ìrépé tí ó kù ní ìdí ìgàn aṣọ, ilé ni ó ń kó o bọ̀. Àwọn obìnrin ilé a sì dì í sínú àpótí. Ní ayé òde òní, aṣọ ẹbí ni ó rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìnáwó kan tí a ṣe tí kì í fi ọ̀pá aṣọ kan tàbí méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ, ọ̀pọ̀ aránṣọ ni ó sì ń dáná sun ìrépé rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé rírán ìrépé pọ̀ jẹ́ àṣà òyìnbó, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú aṣọ òkè kan jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ojúmọmọ. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe odindi aṣọ. Òfì tí àwọn ọkùnrin fi ń hun un kì í hun ju aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 4. Aránṣọ ni ó ń rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí mọ́ ara wọn, etí mọ́ etí, títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì òòró fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ èyí náà kì í di ìró àfi bí a bá rán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni aṣọ ńlá ilẹ̀ Yorùbá ti jẹ́ àránpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹtù ìyá mi dúró lé.

Bí a bá sì ń wá àránpọ̀ onírépé gan-an nínú iṣẹ́ àwọn baba wa, inú ẹ̀kú eégún ni a ó ti rí i. Ẹ má ṣe fajú ro. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ìgbàlẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo ń sọ. Ẹ̀kú irú èyí tí a fi aṣọ gbọọrọ gbọọrọ ṣe, tí wọ́n ń fò yíká nígbà tí eégún bá ń jó, a máa ní àrán, dàmáàsìkì, àǹkárá àti aṣọ òkè nínú. A sì máa ń rán ìgbálá yí etí aṣọ náà ká, èyí tí ó dàbí eyín ayùn, tí ó sì sábà máa ń pupa. Nígbà tí ìdílé bá fẹ́ tún ẹ̀kú wọn ṣe, wọn kì í bọ́ aṣọ àtijọ́ dànù. Wọ́n a fi titun lé e lórí. Báyìí ni ẹ̀kú kan fi lè ru aṣọ ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ìṣúra àwọn ìlú òyìnbó lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń fi aṣọ inú wọn mọ ìgbà tí a ra olúkúlùkù.

Ní Abomey, olú-ìlú ìjọba Dahomey àtijọ́, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àwọn ọkùnrin tí ń ránṣọ fún ọba a gé aṣọ aláwọ̀ ní àwòrán kìnnìún, ẹja, ẹyẹ tàbí ọkọ̀, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí aṣọ kan tí ó gbòòrò, láti fi ṣe àmì ọba kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ méjì ni èyí jẹ́ nígbà náà: ọ̀kan ni kí a rán ìrépé mọ́ ìrépé, etí mọ́ etí, èkejì ni kí a lẹ ìrépé mọ́ orí aṣọ mìíràn. Èkíní ni n ó kọ́ yín ní alẹ́ yìí, nítorí òun ni ó rọrùn jù, òun ni ó sì ń lo ògbólógbòó aṣọ jù.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò lè gbé òfì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Ní oṣù September ọdún 1886, nígbà tí a kéde àlàáfíà láàárín Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ní pápá ogun Kírìjì, láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé yìí àti Igbájọ, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harriet Powers. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní 1837. Ní ọdún 1886 yìí kan náà ni ó gbé aṣọ ìbora kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ síbi àfihàn òwú ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ náà. Ó pín aṣọ náà sí ojú 11, ó sì fi ìrépé lẹ ìtàn Bíbélì sójú kọ̀ọ̀kan: Ádámù àti Éfà nínú ọgbà, Káínì àti Ábẹ́lì, àkàsọ̀ Jékọ́bù, ìrìbọmi Olúwa wa, oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, Júdásì pẹ̀lú 30 owó fàdákà, àti ìkànmọ́ àgbélébùú.

Olùkọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Jennie Smith rí aṣọ náà, ó sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Powers kọ̀, ó ní kò sí owó tí òun lè gbà lé e. Ní 1891, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ há, ó gbé e tọ olùkọ́ náà lọ, ó sì ní kí ó fún òun ní dọ́là 10. Dọ́là 5 ni ó rí gbà. Kí ó tó fi aṣọ náà sílẹ̀, ó ṣe àlàyé ojú kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó tún padà wá nígbà mélòó kan láti wò ó, bí ìyá tí ń lọ wo ọmọ tí ó fi síbi ẹ̀kọ́. Aṣọ náà ń bẹ nínú ilé ìṣúra ìjọba ní Washington títí di òní. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe àkíyèsí pé ọ̀nà tí ó gbà gé àwòrán rẹ̀ jọ ti Abomey púpọ̀. Èmi kò lè sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ́ àwòrán méjèèjì síwájú yín, ẹ̀yin náà yóò sọ pé wọ́n jọ.

Ìtàn kejì láti Amẹ́ríkà súnmọ́ ọ̀rọ̀ mi ju ti ìṣáájú lọ. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, abúlé kan wà ní ìtẹ̀kọ́rọ́ odò, tí à ń pè ní Gee's Bend. Àwọn ọmọ ẹrú ni ó ń gbé ibẹ̀, tálákà sì ni wọ́n. Aṣọ oko tí ó ti gbó àti àpò ìyẹ̀fun ni àwọn obìnrin wọn fi ń ṣe aṣọ ìbora, kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ bí kò ṣe nítorí pé òtútù ń wọlé láti ihò ara pákó ilé. Ní 1942, opó kan níbẹ̀, Missouri Pettway, kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó kú jọ, ó gé ṣòkòtò àti ẹ̀wù náà, ó sì rán wọn pọ̀, ibi tí orúnkún ti parẹ̀ àti ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn lára aṣọ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó bá a rán an ròyìn lẹ́yìn náà pé ìyá òun ní òun yóò fi rántí ọkọ òun, òun yóò sì máa fi bora. Ní 1966 àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 2002 a fi aṣọ wọn hàn ní ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York. Ní 2006 ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán aṣọ wọn sára sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí iṣẹ́ náà gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ ni yíyan aṣọ, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Aṣọ tí ó bá ṣì ṣeé wọ̀, ẹ má ṣe gé e. Ẹ fi fún ẹni tí kò ní. Dọ́káàsì kò rán ìbora onírépé fún àwọn opó Jópà, ẹ̀wù ni ó rán fún wọn. Aṣọ tí ọjọ́ wíwọ̀ rẹ̀ ti kọjá ni à ń wá. Ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ẹni pé inú ajọ̀ ni ó ti yọ, ibẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á. Bí ó bá ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń ya, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò wúlò fún nínu tábìlì. Bí ó bá dúró gbọn-in, ó ti di tiyín. Nínú ìró kan, ìdí àti àárín ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó. Etí rẹ̀ àti ibi tí à ń dì mọ́ra lábẹ́ apá a máa wà bí titun.

Òwú ni kí ẹ lò, kí ẹ má ṣe da òwú pọ̀ mọ́ náílọ̀n àti pólísítà. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí aṣọ kan jẹ́, ẹ fa fọ́nrán rẹ̀ díẹ̀ yọ, kí ẹ sì fi iná sí i níta gbangba. Òwú a jó bí ìwé, eérú rẹ̀ a sì rọ̀. Ṣùgbọ́n náílọ̀n àti pólísítà a yọ́, wọn a sì di kókó líle. Aṣọ òkìrìkà tí a ń tà lọ́jà wa, bí ìjọba tilẹ̀ ti fi òfin de kíkó o wọlé, irú àdàpọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹ dán an wò kí ẹ tó ná owó sí i.

Ohun kejì ni fífọ̀, òun sì ni mo fi jẹ ìyà. Aṣọ ìbora tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo fi ìrépé àǹkárá titun tí aránṣọ kan fún mi kún kíjìpá ìyá mi, nítorí àwọ̀ rẹ̀ wù mí. Ó lẹ́wà gan-an nígbà tí mo ṣe é tán. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó ti ń gbẹ lórí okùn, ìrépé titun ń sún kì, ó sì ń fa àwọn tí ó yí i ká, títí kíjìpá fi ya ní ibi mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránpọ̀. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí a gbá létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìhìnrere ti mọ ìdí rẹ̀ kí n tó sọ ọ́, nítorí Olúwa wa ti fi í ṣe òwe, nípa ẹni tí ó mú aṣọ titun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Gbogbo ìgbà ni mo ti ń gbọ́ òwe náà, n kò sì mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí a bá ń hun aṣọ, a máa ń fa òwú rẹ̀ le, omi ni ó ń jẹ́ kí òwú náà sinmi, kí ó sì padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ògbólógbòó aṣọ ti sún kì tán láti ọjọ́ pípẹ́, titun kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi titun kún un, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àdìrẹ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òṣogbo tí a ń pè ní ìlú aró kò jìnnà sí wa, kò sì sí ilé tí kò ní àdìrẹ. Aró a máa ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ẹ máa fọ àdìrẹ ní òun nìkan títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba gbogbo aṣọ funfun tí ẹ rán mọ́ ọn jẹ́.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gé páálí líle kan ní onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ínṣì 6 àti ààbọ̀ ní ìbú àti ní òró. Páálí yìí ni ẹ ó máa gbé lé aṣọ tí ẹ ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ páálí tẹ̀lé ọ̀nà fọ́nrán òwú. Bí ẹ bá gé e ní dídá igun kọjá, ìrépé náà yóò máa nà bí rọ́bà, kò sì ní bá ẹnìkejì rẹ̀ mu láéláé. Lẹ́yìn tí a bá ti rán an, tí ojú abẹ́rẹ́ jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ínṣì 6 géérégé ni ojú ìrépé kọ̀ọ̀kan yóò kù. Ìrépé 12 ní ìbú àti 15 ní òró, àpapọ̀ 180, ni yóò fún wa ní aṣọ ìbora tí ó jẹ́ ínṣì 72 ní ìbú àti 90 ní òró, èyí tí ó tó fún bẹ́ẹ̀dì àgbà méjì. Bí a bá ní kí a ra aṣọ titun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 36 fún un, ọ̀pá 6 àti ààbọ̀ ni yóò gbà. Láti inú àpótí, kò gba kọ́bọ̀.

Kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kàn án, ẹ tẹ́ gbogbo ìrépé sórí ẹní, kí ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀ láti wò ó. Èyí tí ó dúdú kí ó tẹ̀lé èyí tí ó mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan ṣoṣo tí ó ya aṣọ ìbora àránpọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àkísà, lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ni kí ó hàn pé ẹnìkan ti rò ó kí ó tó rán an. Ẹni tí ó bá ń rán ìrépé bí ó ti bà á lọ́wọ́, òṣì ni àwọn àlejò rẹ̀ yóò rí.

Ẹ rán ìrépé 12 pọ̀ ní ìlà kan, lẹ́yìn náà ìlà kejì, títí yóò fi pé 15, kí ẹ tó wá rán ìlà mọ́ ìlà. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ẹ̀yìn ojú ìránpọ̀ ìlà kìn-ín-ní sí ọ̀tún, ti ìlà kejì sí òsì, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé ìlà méjì lé ara wọn, ẹ̀yìn wọn yóò há mọ́ ara wọn bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, igun yóò sì pàdé igun. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ lè ṣe èyí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rán an, kí ó mú sùúrù.

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ náà yóò jẹ́ nígbẹ̀yìn: àránpọ̀ lókè, odindi aṣọ lábẹ́, ohun tí ó nípọn láàárín. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tàbí ìró méjì tí a rán pọ̀ dára fún abẹ́. Ní ti àárín, kúbùsù tí ó ti gbó tàbí ògbólógbòó kíjìpá ti tó ní ilẹ̀ tiwa. A kò nílò òwú ìtìmùtìmù. Kì í ṣe aṣọ gan-an ni ó ń mú wa gbóná, afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín aṣọ ni. Ara wa ń mú un gbóná, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta fi gbóná ju aṣọ kan tí ó wúwo bí àwọn mẹ́ta náà lọ. Kí ìpele mẹ́ta náà má bàa máa yọ̀ kiri, ẹ mú òwú líle, ẹ gún un wọlé kí ẹ sì gún un padà ní ibi tí igun ìrépé mẹ́rin ti pàdé, kí ẹ sì ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ ká etí aṣọ abẹ́ wá sókè, kí ẹ sì fi ṣe ìṣẹ́tí yíká. Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìyá ọmọ jòjòló: irú aṣọ yìí wúwo jù fún ọmọ tí kò tíì lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ má ṣe fi bò ó lójú oorun.

Nísinsin yìí mo lè padà sí ọ̀rọ̀ ẹtù. Ní ọjọ́ kẹta ìjà wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ránṣẹ́ pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A bá a lórí ẹní, ẹtù lórí itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àlùmọ́gàjí nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i, kí ó sì tó la ẹnu, ìyá àgbà náà ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé ẹ óò gé e? Ṣé odindi ni wọ́n hun ún ni?” Ó ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú ojú ìránpọ̀ náà, èyí tí aránṣọ ti rán ṣáájú kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ 12 ni ó jáde nínú ìró náà. Ó fà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tí ó wà láàárín ti kú. Mẹ́jọ le bí awọ. Ó fún oníkálukú wa ní méjì, ó ká mẹ́rin yòókù, ó sì ní a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ orí òun nígbà tí òun bá lọ. Àbúrò mi gba méjì tirẹ̀, kò sì sunkún. Òwú kan ṣoṣo kò gé lára ẹtù náà.

Aṣọ ìbora mẹ́rin ni mo ṣe ní ọdún náà, ọ̀kan fún olúkúlùkù wa. Ẹtù méjì náà wà ní òró láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìgé, ìrépé kíjìpá, àdìrẹ àti àwọn aṣọ ẹbí ìyá wa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ní ti ìtọ́jú rẹ̀, ẹ máa sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ nínú ọpọ́n ńlá, kí ẹ má ṣe fún un bí ẹni fún ewé; ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí koríko tàbí sórí okùn méjì, nítorí pé lórí okùn kan ìwúwo omi yóò fa ojú ìránpọ̀ rẹ̀ ya. Bí ìrépé kan bá gbó, ẹ má ṣe tú aṣọ náà. Ẹ gé òmíràn, ẹ ká etí rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èyí tí ó gbó. Tèmi ti gba ìlẹ̀pa mẹ́ta. Èyí tí ó kẹ́yìn, aláwọ̀ aró yẹn ní ìgun ìsàlẹ̀, ara ìró ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti gé e, nígbà tí a ṣí àpótí tirẹ̀ náà. Mo gbé aṣọ náà wá; ó wà lórí tábìlì yìí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.